Irin Tó Gbé Yàrá Lé Orí Gáréèjì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ ECTDA àti sí Ẹ̀yin Onílé ní Enugu

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ECTDA, àjọ tó ń bójú tó ìdàgbàsókè olú-ìlú Enugu, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ̀yin àbúrò wa tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Trans-Ekulu, Abakpa, New Haven, Achara Layout àti Emene, ó kan ẹ̀yin náà. Mo ti kọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà yìí fún ọ́fíìsì. Ti Yorùbá yìí wà fún àwọn ará wa tó fi Enugu ṣe ilé, àti àwọn tó ń ti ìdálẹ̀ fi owó ilé kíkọ́ ránṣẹ́ síbí, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ irin kan ṣoṣo ni mo bá wá: bíìmù irin tí a ń gbé dábùú ẹnu gáréèjì, kí yàrá tàbí ògiri tó wà lókè má baà wó lé ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò ilé ni mo ń ṣe jẹun. Nínú gbogbo ohun tí àwọn onílé ń pè mí sí, kò sí èyí tí wọ́n fojú kékeré wò tó irin yìí. Ẹni tó ti náwó sí ìpìlẹ̀, tó dúró ti bíríkìlà títí wọ́n fi da dẹ́kìn tán, tó ka àpò síméńtì lójú ara rẹ̀, ẹni yẹn kan náà ló máa rán wẹ́dà lọ sí ọjà Kenyatta pé kó lọ ra I-beam tó dáa wá. Ohun tí irin náà máa gbé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Mo mọ ohun tó fà á. Gáréèjì kì í sábà sí nínú pílánù àkọ́kọ́. Ilé á ti parí, ọkọ̀ á ti di méjì, àyè á wá há. Nígbà náà ni onílé á ní kí wọ́n fọ́ ògiri iwájú, tàbí kí wọ́n so gáréèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé kí wọ́n sì gbé yàrá kan lé e lórí. Ọkọ̀ méjì kò sì fẹ́ òpó láàárín. Ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 5 tàbí 6 ni wọ́n ń fẹ́. Bíìmù kọnkéré náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ pákó, ó ń fẹ́ róòdù, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó gbó. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé irin sókè. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló ń mú kí èèyàn rò pé kò sí ìṣirò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan pa pọ̀. Ẹnu gáréèjì fẹ̀ ní mítà 5. Dẹ́kìn tó nípọn ní mílímítà 150 wà lókè rẹ̀, ibi tó fẹ̀ tó mítà 2 nínú dẹ́kìn yẹn ló sì ń sinmi lé bíìmù wa. Lórí bíìmù kan náà ni wọ́n mọ ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án sí, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3. Nínú mítà kan péré gígùn bíìmù, dẹ́kìn á gbé nǹkan bíi kílò 720 lé e. Táìsì, síméńtì abẹ́ rẹ̀ àti pílásítà àjà á fi nǹkan bí 240 kún un. Ògiri kéékèèké tó pín yàrá á mú 200 wá, èèyàn pẹ̀lú ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù á mú 300. Ògiri tó dúró lórí rẹ̀ ló wúwo jù lọ, ó lé ní kílò 1,000. Irin fúnra rẹ̀ ní kílò 40 tirẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀: tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ ló wà lórí mítà kan, ó lé ní tọ́ọ̀nù 12 lórí gbogbo rẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan bíìmù á sì máa fi ohun tó ju tọ́ọ̀nù 6 lọ tẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tọ̀sán tòru.

Mi ò tíì ka omi mọ́ ọn. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ omi ní ìlú yìí. Ọkọ̀ tó ń gbé omi wá láti 9th Mile ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, nítorí náà táńkì ńlá ni gbogbo èèyàn ń rà. Líta omi kan, kílò kan. Bí táńkì líta 5,000 bá kún lórí dẹ́kìn gáréèjì, tọ́ọ̀nù 5 ló jókòó sójú kan ṣoṣo yẹn. Mo bẹ ẹ̀yin onílé, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣírò bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti gbé táńkì síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ sọ ọ́ kí ó tó yan irin.

Irin wo ló wá lè gbé ti mítà 5 yìí? Ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ìwé, a máa ń sọ ẹrù tí kì í kúrò lójú kan di ìlọ́po 1.4, a sì ń sọ ẹrù èèyàn àti ohun èlò di ìlọ́po 1.6, kí àyè ààbò lè wà. Lẹ́yìn náà la ó fi wé agbára irin. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí pẹ̀lú oríṣi irin tí a ń pè ní S275. Bíìmù 203×133×25, tí àwọn wẹ́dà fẹ́ràn nítorí pé ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e sókè láìpe ẹ̀rọ, kò lè gbé ẹrù yìí rárá. Ẹrù náà ti ju agbára rẹ̀ lọ kí a tó fi àyè ààbò kankan kún un. Bíìmù 254×146×37 lágbára tó, kò ní já. Ṣùgbọ́n yóò tẹ̀ tó mílímítà 18 láàárín, ògiri búlọ́ọ̀kù kò sì lè bá irin tẹ̀, sísán ló máa sán. Bí a kò bá fẹ́ kí ògiri orí bíìmù sán, a kì í fẹ́ kí bíìmù náà tẹ̀ ju ìdá kan nínú 360 gígùn rẹ̀ lọ. Nínú mítà 5, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 14. Bíìmù 305×165×40 á tẹ̀ ní bíi mílímítà 12. Òun ni màá mú.

Ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ wọn, òun ni ìwọ̀n kílò wọn lórí mítà kan. Láti 37 sí 40, kílò mẹ́ta péré ni. Owó tí onílé fi kún un kò tó nǹkan, àmọ́ bíìmù 305 fi ìdajì le ju bíìmù 254 lọ. Gíga rẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, ló fà á. Ẹ gbé pákó kan dábùú gọ́tà kí ẹ sì gun orí rẹ̀: bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á máa jó lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, kò ní mira. Nítorí èyí ni mo ṣe ń gbóhùn sókè nígbà tí mo bá rí ẹni tó dùbúlẹ̀ I-beam sórí ẹ̀gbẹ́ kí àjà lè ga sí i. Bíìmù 305 tí a sọ lókè yìí, bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mọ́kànlá líle rẹ̀ ló kù.

Ohun mìíràn tí ojú lásán kò lè rí ni gígùn. Bí onílé bá ní kí wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà láti mítà 5 sí mítà 6, á rò pé ìdá kan nínú márùn-ún lòun fi kún un. Irú irin kan náà, ẹrù kan náà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba nọ́ńbà tí mo kọ sínú lẹ́tà yìí lọ sí ọjà. Ilé tèmi nínú ìwé ni mo ṣírò. Ilé yín ní dẹ́kìn tirẹ̀, ògiri tirẹ̀ àti gígùn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló kàn. Emene tó wà nítòsí wa yìí ni ilé-iṣẹ́ Nigersteel ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irin ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú ìrètí pé a ó máa yọ́ irin tiwa. Ìrètí náà kò tíì ṣẹ. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú I-beam ńláńlá tó wà lọ́jà wa ti ń wá, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń sọ irin rẹ̀ lórúkọ. IPE 300 ti Yúróòpù àti 305×165×40 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, kílò 42 ni ti àkọ́kọ́ lórí mítà kan, kílò 40 ni ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tajà bá kàn ní “300” ni, ìyẹn kò tíì sọ nǹkan kan. Irin méjì lè ga bákan náà kí ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ.

Òṣùwọ̀n ni ẹ fi ń mú un. Bíìmù 305×165×40 tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 480. Bí òṣùwọ̀n bá sọ 400, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, irin tí wọ́n tú lára ilé tàbí ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní kí ẹ má rà á. Irin tòkunbọ̀ kan wà tó dára ju tuntun lọ. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi kálípà wọn bí ó ṣe nípọn tó níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ jù, kó ka ihò tí wọ́n ti lu sí i, kó sì wá ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Bíìmù tí wọ́n fi irin kúkúrú méjì jó pọ̀, tí ojúpọ̀ rẹ̀ wá bọ́ sí àárín gbùngbùn, kò yẹ lórí gáréèjì ẹnikẹ́ni, torí pé àárín yẹn ni ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Lọ́dún 1916 ni ọ̀nà rélùwéè dé Enugu láti Port Harcourt, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa èédú ní agbègbè yìí. Lóde òní, àwọn kan ń tú irin ọ̀nà náà jí, àwọn kan sì ń rà á torí pé ó wúwo lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí pé ẹrù olè ni, kì í ṣe irin bíìmù. Èròjà kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti irin ilé lọ kí táyà ọkọ̀ ojú irin má baà tètè jẹ ẹ́, nítorí náà bí wẹ́dà bá jó o bó ṣe ń jó irin yòókù, ojú jíjó náà lè là láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe gbé e lé orí ọmọ yín.

Bí irin bá dára tán, ibi tó fi orí lé ńkọ́? Tọ́ọ̀nù mẹ́fà ó lé lórí kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí bíìmù rere tí wọ́n gbé lé orí búlọ́ọ̀kù oníhò, tí búlọ́ọ̀kù sì ń rún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Òpó kọnkéré ló yẹ kó gbà á, òpó tó ní róòdù, tó sì ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kí wọ́n sì fi pátákó irin tó nípọn tẹ́ ẹ kí wọ́n fi bóòtù dè é. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ yìí le ní Enugu ju bí àwọn tó ti Èkó wá ṣe rò lọ. Lábẹ́ ibi tó pọ̀ nínú ìlú yìí, ilẹ̀ amọ̀ líle tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Enugu Shale ló wà níbẹ̀. Ó ń wú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí òpó kan bá rì tí èkejì kò rì, bíìmù tó dára jù lọ náà á gbé ògiri wọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ fọ́ ògiri tó ti wà nílẹ̀, ẹ dúró ná. Ògiri yẹn ń gbé nǹkan lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí òòlù tó kàn án, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi òpó onígbà díẹ̀ gbé dẹ́kìn àti ògiri òkè ró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òpó náà sì gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó le. Enugu mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Nínú kòtò èédú ìlú yìí, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fi igi gbé òrùlé kòtò ró kí àwọn tó ń gbẹ́ èédú tó wọlé. Wọ́n mọ̀ pé ìgbéró ló ń ṣáájú gbígbẹ́. Ó yẹ kí ọmọọmọ wọn tó ń fọ́ ògiri ní Coal Camp àti Uwani lónìí rántí rẹ̀.

Iná náà ò ṣeé gbójú fò. Inú gáréèjì ni jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí irin bá gbóná dé ìwọ̀n 600°C, agbára rẹ̀ ti dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wáyà àti kọnkéré bò ó yíká lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dà red oxide tí ẹ kùn ún dára fún ìpẹtà, kò wúlò fún iná.

Ẹnì kan lè sọ pé gáréèjì lásán ni mo ń sọ bí ẹni ń sọ ilé alájà. Ilé àlejò Ìjọ Synagogue ní Ìkọ̀tún, l'Ékòó, wó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ó sì pa èèyàn 116, ọmọ ilẹ̀ South Africa ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ̀rọ̀ ní 2015, àbùkù inú egungun ilé náà ló tọ́ka sí, ó sì ní kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ní Uyo, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2016, irin òrùlé ìjọ Reigners Bible Church ló já lu àwọn tó wà ní ìsìn. Irin ni, kì í ṣe kọnkéré. Gáréèjì kéré sí wọn, mo gbà. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kéré.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ECTDA, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé bíìmù irin lé ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ ju mítà 3 lọ, tí ògiri tàbí dẹ́kìn sì wà lórí rẹ̀, kó mú ìwé kan ṣoṣo wá: orúkọ irin àti kílò rẹ̀ lórí mítà kan, ẹrù tó máa gbé, bó ṣe máa tẹ̀ tó, àti ohun tó máa fi orí lé. Kí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i, kó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Kí èyí kan ilé tó ti gba àṣẹ látijọ́ bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gáréèjì ti ń yọ́ kúrò lábẹ́ òfin. Lẹ́yìn náà, kí òṣìṣẹ́ yín kan wá pẹ̀lú tépù àti kálípà kí wọ́n tó fi kọnkéré bo irin náà, torí lẹ́yìn pílásítà, kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Orílẹ̀-èdè yìí ti ní ìwé ìlànà ìkọ́lé láti 2006. Bí irú ohun tí mo ń sọ yìí bá sì ti wà nínú ìwé yín, ẹ jẹ́ kó dé etí wẹ́dà. Ẹ bá SON, àjọ tó ń bójú tó dídára ọjà ní Nàìjíríà, sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ gbé pátákó ńlá kan sí ọjà Kenyatta, ní èdè Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ orúkọ bíìmù àti ìwọ̀n wọn sí, kí òṣùwọ̀n tí gbogbo èèyàn lè lò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìwé yìí di ohun tí yóò máa sùn lórí tábìlì. Ìṣirò bíìmù kan kì í gba oníṣirò ju ìdajì ọjọ́ lọ, kò sì yẹ kí wíwò ó gba oṣù kan lọ́wọ́ ọ́fíìsì. Bí ó bá pẹ́, tí owó rẹ̀ sì ga, àwọn èèyàn á padà sí fífi ojú rà á, a ò sì ní rí wọn bá wí.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí ẹ ń rán owó sí àbúrò kó bá yín tún ilé ṣe, fọ́tò bíìmù tó wà lókè kò tó. Ẹ ní kó fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, kó fi fọ́tò òṣùwọ̀n ránṣẹ́ níbi tí nọ́ńbà ti hàn, kó sì fi ti ibi tí bíìmù fi orí lé ránṣẹ́ kí wọ́n tó bò ó. Owó tó kù, ẹ mú un dání títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ECTDA tàbí ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ní Kenyatta bá fẹ́ kí ẹnì kan wá ṣàlàyé bí a ṣe ń ka orúkọ irin àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, màá wá. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ilé,
Oníṣirò ilé kan ní Independence Layout, Enugu